ÀPÒ ÌRÀNWỌ́ ẸGBẸ́: NÍBO GAN-AN NI IHÒ WÀ, NÍNÚ ÌSỌ̀ NI ÀBÍ NÍNÚ ILÉ?

Ẹ̀kọ́ wa t'oṣù yìí

 

Ẹ rántí pé nínú ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan di àríyànjiyàn. Owó díẹ̀ kù sápò ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí a san owó ọlọ́dẹ àti owó ilẹ̀ gbígbá. Àwọn kan ní ká fi ra ìrẹsì àti òróró, ká pín in lọ́dún. Àwọn kan ní ankara ẹgbẹ́ ló kàn. Ẹnì kan wá dìde, ó ní ká fi owó náà dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá lè rí nǹkan gbà níbẹ̀, kó má sì san án padà. Ariwo sọ! Ẹnì kan ní irú owó bẹ́ẹ̀ ọ̀lẹ ló ń bí. Ẹlòmíì ní àwọn tó bá sún mọ́ alága ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ilẹ̀ ṣú bá wa, a ò rí i parí. Ìyálọ́jà wá ní kí àwa tí à ń kọ ìwé yìí lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníkálukú kà á, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ohun tí a rí rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀. Owó tí a yá, ojú owó rẹ̀ yóò padà, èlé yóò sì tẹ̀lé e. Owó àjọ, owó ara wa ni, alájọ kàn ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni. Owó èsúsú náà, owó ara wa ni, àmọ́ ó ń yí po. Owó ìrànwọ́ ní tirẹ̀ kì í padà. Ẹni tó gbà á kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Torí pé kì í padà yìí náà ló fi yẹ ká mọ ibi tí a ó máa fi sí.

Ìjọba ti gbé méjèèjì wá sọ́jà rí. Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ mú TraderMoni jáde láti ọwọ́ Bank of Industry. N10,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn ò gba ohun ìdógò, oṣù mẹ́fà ni èèyàn ní láti fi san án. Ẹni tó bá san án á gba N15,000, á máa gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé N100,000. Ẹ̀yáwó ni o. Ṣùgbọ́n ìbò 2019 ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sọ pé owó ìbò ni. Owó téèyàn bá ti pè ní ẹ̀bùn lọ́kàn ara ẹ̀, ta ni yóò san án? Lọ́dún 2023, ìjọba tún kéde òmíràn: N50,000 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké mílíọ̀nù kan, káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ìyẹn ẹ̀bùn ni lóòótọ́, kò sí pé à ń san án padà, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ní NIN àti BVN.

A ò bú èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí a kàn ń sọ ni pé ìsọ̀ ni méjèèjì ń wò. Kí lo ń tà? Mélòó lo fi ń tà á? Wọ́n gbà pé bí owó òwò bá pọ̀ sí i, ilé á dúró. Lójú tiwa, nínú ilé ni ọ̀ràn ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà wà, ibẹ̀ ni owó ìsọ̀ ń gbà jò.

Ìṣirò aláta

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta ata. Kò sí ẹnì kan pàtó tí à ń bá wí, àpẹẹrẹ ni. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ N80,000. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ó ń jèrè N4,000, ìyẹn N5 lórí N100 kọ̀ọ̀kan. Ilé ń jẹ N3,500 nínú ẹ̀. N500 tó kù, alájọ ń gbà á. Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ìdájí ló ń jí. Ẹ ò lè pè é ní alágbe, ẹ ò sì lè pè é ní olówó. Irú wọn ló pọ̀ jù láàárín wa. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹun, ọmọ ń lọ iléẹ̀wé, wọ́n sì ń ró aṣọ ẹgbẹ́. Àmọ́ kí ibà kan ṣáà wọlé.

Ibà ọ̀hún wá wọlé. Ọsibítù ní kó mú N40,000 wá. Níbo ni yóò ti mú un? Ojú owó ló wà lọ́wọ́, ó yọ ìdajì. Ọmọ yá, a dúpẹ́. Ó padà sọ́jà pẹ̀lú N40,000. Èrè rẹ̀ di N2,000. Ṣé ilé yóò wá máa jẹ N2,000? Ilé ò mọ̀ pé owó ti dín kù o. N3,500 náà ni ilé ń bèèrè. N1,500 tí kò pé, inú ojú owó ló tún ti máa yọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ kìíní fi máa parí, ojú owó ti di N38,500. Lọ́jọ́ kejì, èrè rẹ̀ ò ju N1,925 lọ. Kó tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ojú owó ti wá sí N36,925. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìsọ̀kalẹ̀ náà á sì máa yára sí i. A jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò, a ṣe é títí dé òpin. Kí ọjọ́ ọjà 18 tó parí, kò sí kọ́bọ̀ mọ́. Bó bá ń ná ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nìyẹn!

Àwọn ará ọjà á máa sọ pé kò mọ owó ná. Àwọn mìíì á ní ayé ló ń ṣe é. Kò sí ayé kankan níbẹ̀, ìṣirò ni.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí gan-an ló kàn yìí. Ká ní ẹgbẹ́ fún obìnrin yìí ní N40,000 lọ́jọ́ tí ọmọ wà ní ọsibítù, ojú owó rẹ̀ ò ní yingin. Ọjọ́ kejì ni yóò padà sídìí N80,000 rẹ̀. Ká wá ní oṣù kan ti kọjá, tí gbogbo rẹ̀ ti tán, kí àwa tó gbé N40,000 kan náà fún un, tí a pàtẹ́wọ́, tí a ní kó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà padà ńkọ́? Èrè N2,000, ilé N3,500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, ó tún ti tán. Owó kan náà ni o. Ọjọ́ tí ó dé ló yàtọ̀, àti ihò tí a fi dí.

Ẹ lè ní, ṣé kò lè lọ yá a ni? Ó lè yá a. A ò bá ẹ̀yáwó jà. Bí kọpẹrétíìfù bá yá a ní N40,000, tí wọ́n ní kó máa san N2,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 22, ó lè rí i san nínú N500 tí alájọ ń gbà, torí N3,000 nìyẹn lọ́sẹ̀. Àmọ́ láàárín oṣù márùn-ún yẹn, ọmọ mìíràn ò gbọ́dọ̀ ṣàìsàn, òjò ò gbọ́dọ̀ ba ọjà jẹ́, lánlọ́ọ̀dù ò sì gbọ́dọ̀ fi owó kún owó ilé. Owó gbọ́mú-lé-lántà wá ńkọ́? Lónìí ni wọ́n á ka N40,000 fún ọ, wọ́n fẹ́ N52,000 lóṣù tó ń bọ̀. N3,000 lọ́sẹ̀ jẹ́ N12,000 lóṣù. N40,000 tó ṣẹ́ kù, ẹ̀yin náà mọ ibi tí yóò ti wá.

Ohun tí wọ́n rí níbòmíràn

Àwọn onímọ̀ mẹ́rin kan, Marcel Fafchamps, David McKenzie, Simon Quinn àti Christopher Woodruff, ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Accra àti Tema ní Ghana, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Wọ́n fún àwọn kan ní 150 cedi lọ́wọ́. Àwọn kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọjà tàbí ohun èlò tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì bá wọn rà á ní iye owó kan náà. Àwọn tó kù, wọn ò fún wọn ní nǹkan kan, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin? Owó tí wọ́n kà sí wọn lọ́wọ́ kò fi kún èrè wọn. Ọjà tí wọ́n bá wọn rà fi kún èrè, ṣùgbọ́n ti àwọn tí òwò wọn ti tóbi díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn tí òwò wọn kéré jù, àti owó àti ọjà, kò sí èyí tó gbé èrè wọn sókè.

Nígbà tí a kà á fún àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá ẹlẹ́ja kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ pé ilé ló ń jẹ ẹ́ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹni tí kò sí nínú ọjà bá wa kà á, torí àwọn tó máa ń pín owó kì í gbọ́ tiwa bọ̀rọ̀.

Èyí tó tún wú wa lórí ni ti Bangladesh. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BRAC. Lọ́dún 2002 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ilé tí ìyà ń jẹ jù lọ. Wọ́n á fún obìnrin ní nǹkan ọ̀sìn, bíi màlúù tàbí ewúrẹ́, wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Wọn ò wá dúró síbẹ̀. Wọ́n tún ń fún un ní owó oúnjẹ díẹ̀ fún ìgbà kan. Kí nìdí? Kó má baà ta ewúrẹ́ tàbí kó pa á jẹ kí ó tó bímọ ni! Ẹnì kan á sì máa bẹ̀ ẹ́ wò déédéé, títí nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ gbé irú ètò yìí yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ghana wà nínú wọn, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Ilé tí wọ́n tẹ̀ lé lé ní 10,000. Ọdún kan lẹ́yìn tí ìrànwọ́ ti dúró, àwọn tó gbà á ṣì ń jẹun ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kì í ṣe pé ibi gbogbo ló dára o. Ní Honduras, adìẹ ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, àrùn wọlé, adìẹ kú, owó náà ò sì mú èrè wá. Ẹ̀yin aládìẹ ọjà wa, ọ̀rọ̀ yìí yé yín ju àwa lọ.

Ṣé ẹ rí i? Ilé ni BRAC kọ́kọ́ dí, kí ewúrẹ́ tó lè dàgbà.

Ṣé èsúsú ò tó ni?

Ọ̀pọ̀ nínú yín á sọ pé a ní èsúsú, kí la tún ń wá. Èsúsú dáa. Kì í ṣe òní ló ti wà. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn èèyàn wa sì gbé e dé òkè òkun, débi pé ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Èsúsú ló ra ẹ̀rọ ata fún ẹlòmíì nínú wa, òun ló san àsansílẹ̀ ìsọ̀ fún ẹlòmíì. Àmọ́ àìsàn kì í dúró de ìgbà tí èsúsú bá kan èèyàn. Ẹni tó bá ti kó tirẹ̀ ní oṣù kejì, tí ilé rẹ̀ wá jóná ní oṣù karùn-ún, dídá ni yóò máa dá a lọ. Èsúsú ń bá wa ṣe ohun tí a ti gbèrò. Èyí tí a ò gbèrò ló ń ba ojú owó jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àpò ìrànwọ́ jẹ́ nǹkan òyìnbó. Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn èèyàn wa lọ sí Brazil, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó pọ̀ gan-an ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia. Obìnrin wọn ń kiri oúnjẹ lójú pópó, ọkùnrin wọn ń ru ẹrù. Lọ́dún 1832, àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sociedade Protetora dos Desvalidos. Manoel Victor Serra ló síwájú wọn. Wọ́n ń dá owó sínú àpótí, wọ́n sì ń fi ran ẹni tó bá ṣàìsàn, ẹni tó bá darúgbó àti ìdílé ẹni tó bá kú lọ́wọ́. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí ẹrú wá dé Brazil. Ìyẹn ni pé fún ọdún 56, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn lọ́jà, àwọn wọ̀nyí ti ń dá owó ìrànwọ́. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Salvador títí di òní.

Bí a ṣe rò pé ó lè rí lọ́dọ̀ tiwa

Ká ní àwa 200 là ń dá N100 lọ́sẹ̀. N20,000 nìyẹn lọ́sẹ̀, N1,040,000 lọ́dún. Bí a bá ní ẹnì kan ò ní gbà ju N40,000 lọ, ilé 26 la máa lè gbà sílẹ̀ lọ́dún. Kì í ṣe gbogbo wa. Kò sì yẹ kó jẹ́ gbogbo wa. Bí a bá pín N1,040,000 náà dọ́gbadọ́gba ní ìparí ọdún, N5,200 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wa, kí ni N5,200 máa ṣe fún obìnrin tó nílò N40,000 lálẹ́ òní?

Ọ̀rọ̀ tó le ni ti ẹni tí yóò gbà á. Lójú tiwa, ìbéèrè méjì péré ló yẹ kí ìgbìmọ̀ máa bèèrè. Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀ràn òjijì ni, àbí èyí tó ti mọ̀ pé ó ń bọ̀? Owó iléẹ̀wé ní oṣù kẹsàn-án kì í ṣe òjijì, àjọ ló yẹ ká fi dè é. Ìkejì, bí a ò bá fún un, ṣé ojú owó rẹ̀ ni yóò fọwọ́ kàn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì tètè fún un. Ìrànwọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti rí ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń ṣe. Kí èèyàn mẹ́ta ní àṣẹ láti pinnu láàárín ọjọ́ méjì, láìdúró de ìpàdé.

Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ká san owó náà tààrà fún ọsibítù tàbí lánlọ́ọ̀dù, ká gba rìsíìtì. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán ara wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ìnáwó àbúrò, gbèsè àtijọ́, gbogbo wọn ló máa ń gbọ́ pé owó wọlé. Owó tí kò dé ọwọ́, wọn ò lè bèèrè rẹ̀.

Ti àwọn tó ní àwọn tó sún mọ́ alága ni yóò jẹ ẹ́, ẹ̀rù tó tọ́ ni, a ò fẹ́ fojú di í. Ọ̀pọ̀ àpò ẹgbẹ́ ló ti kú báyìí. Kí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ má ṣe pinnu lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó ọmọ rẹ̀, kó dìde jáde. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ìgbìmọ̀ lọ́dọọdún. Kí akápò máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde síta ní gbogbo ìpàdé. Iye ni o, kì í ṣe orúkọ! Àwa ò fara mọ́ kí wọ́n máa to obìnrin sórí ìlà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì, kí gbogbo ọjà wá máa fi wo ọmọ rẹ̀. Ẹni tójú bá ń tì, ilé gbọ́mú-lé-lántà ni yóò gbà lọ, torí òkùnkùn ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Ti àwọn tó ní yóò bí ọ̀lẹ wá ńkọ́? Bí ẹnì kan bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí ọdún méjì kọjá kó tó tún lè bèèrè. Kó sì jẹ́ ẹni tó ń dá N100 rẹ̀ déédéé. Obìnrin tó ń jí nídàájí láti ọdún 20 sẹ́yìn kò ní torí N40,000 kan sùn sílé. Àwa ò rí irú ẹ̀ rí.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ èyí. Àpò yìí ò lè ṣe gbogbo nǹkan. Aláta wa tó ń jèrè N4,000, tí ilé ń jẹ N3,500, ẹ̀bùn òjijì á gbà á lọ́wọ́ ìṣubú ni, kò ní sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ohun tí yóò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni pé kí N500 ọwọ́ alájọ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ á ní N40,000 kan nílẹ̀ tí kì í ṣe owó ọjà. Ọjọ́ 80 ni N500 máa fi di N40,000. Oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni. Iṣẹ́ àpò ẹgbẹ́ ni láti rí i pé kò ṣubú kí oṣù mẹ́ta náà tó pé.

Ohun tí a máa dìbò lé lórí ní ìpàdé Thursday àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ nìyí: bóyá a ó dá àpò náà sílẹ̀ tàbí a ò ní dá a, bó bá jẹ́ a ó dá a, ṣé N100 ni àbí N50, àti àwọn mẹ́ta tí yóò kọ́kọ́ mójú tó o. Owó tó wà nílẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá gbà, ìyẹn ni pé kò ní sí ìrẹsì lọ́dún yìí, kí ẹ tètè mọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, kó rán aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ sí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ̀ka níwájú akọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà.